Bí A Ṣe Ń Fọ Táńkì Epo Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó ti wà lójú kan fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ẹnu táńkì rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ òórùn tó ń jáde níbẹ̀ láìtẹ imú bọ ibẹ̀. Bẹntiróòlù tuntun máa ń ta síni nímú, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ máa ń rùn kíkan bí ọ̀dà ògbólógbòó, bí ẹ bá sì bu díẹ̀ sínú ìgò, ẹ ó rí i pé ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Dída epo tuntun lé irú epo bẹ́ẹ̀ lórí kò lè tún un ṣe.

Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó wà nínú táńkì máa ń sọ apá kan epo náà di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi. Bí wọ́n bá ti po ethanol (irú ọtí kan) mọ́ epo náà láti ilé iṣẹ́, yóò tún máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, títí tí omi àti ethanol yóò fi ya kúrò lára epo, tí wọn yóò sì lọ sùn sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń mú kí táńkì onírin dípẹtà. Ìsàlẹ̀ yìí gan-an ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Ẹni tó bá sáré tan ẹ́ńjìnnì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn sínú pọ́ǹpù àti injector (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì), owó àtúnṣe wọn sì ju wàhálà fífọ táńkì lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kí a fara balẹ̀ sọ jù. Oru tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, ó sì lè rìn jìnnà kí ó tó kan iná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe inú kòtò mẹkáníìkì tàbí inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú wáyà òdì (negative) kúrò lórí bátìrì, kí ẹ gbé apaná oníyẹ̀fun tàbí onífóòfó sítòsí, nítorí omi kì í pa iná epo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé táńkì tó ti gbẹ kò léwu mọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ló léwu jù, nítorí oru epo ti dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná wẹ́dà súnmọ́ ọn láé.

Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ni kí ẹ fi fa epo àtijọ́ jáde. Ẹ má fi ẹnu fà á rárá, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá gba ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá ńlá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, ohun ìdènà kan wà ní ọ̀nà ẹnu táńkì tí kò ní jẹ́ kí rọ́bà kọjá, ojú ihò tí pọ́ǹpù epo ọkọ̀ náà wà ni ẹ ó sì ti fa tirẹ̀. Orí ilẹ̀ ni kí kẹ́ẹ̀gì wà nígbà tí epo bá ń wọ inú rẹ̀. Ẹ má da epo náà sílẹ̀ tàbí sínú gọ́tà. Ibi tí wọ́n ti ń gba irú ìdọ̀tí olóró bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ.

Kí ẹ tó tú táńkì, ẹ gbé ọkọ̀ lé orí ẹsẹ̀ irin tó dúró ṣinṣin, kì í ṣe orí jáàkì nìkan, kí ẹ sì ya fọ́tò bí àwọn rọ́bà àti wáyà ṣe tò. Bí òrùka tó di pọ́ǹpù mú bá le, igi tàbí idẹ ni kí ẹ fi gbá a, torí pé bí irin bá lu irin, iná lè ta. Ẹ yọ pọ́ǹpù àti ohun tó ń ka ìwọ̀n epo kúrò kí omi tó kan táńkì.

Omi gbígbóná àti ọṣẹ ti tó fún táńkì oníke. Fún onírin tó ti dípẹtà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ nóọ̀tì (irin tí a fi ń de bóòtù) sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi, kí ẹ dí gbogbo ihò, kí ẹ sì máa mì ín láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ ka àwọn nóọ̀tì náà kí wọ́n tó wọlé, nítorí iye tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fínígà funfun kún un dé ẹnu fún wákàtí 24, kí ẹ dà á nù, kí ẹ fi omi tí ẹ po baking soda sí ṣàn án, kí ẹ sì tún fi omi lásán ṣàn án. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ihò ara irin rẹ̀ wọlé, táńkì mìíràn ni kí ẹ wá.

Gbígbẹ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Mo ti fi ọ̀kan sílẹ̀ ní tútù rí nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, gbogbo inú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún, mo sì tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ da methylated spirit díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ yí i ká kí ó lè kó omi tó kù, kí ẹ dà á jáde, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i láti ẹ̀rọ tó wà lókèèrè. Kété tó bá gbẹ, ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ pa inú rẹ̀.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn gba inú ọ̀pá epo, kí ẹ pààrọ̀ fílítà, rọ́bà tó bá sán nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, àti rọ́bà ìdí pọ́ǹpù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é padà, lítà 10 ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìtan ẹ́ńjìnnì, kí pọ́ǹpù oníná lè ti epo síwájú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wo gbogbo oríkèé bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yọ fílítà tuntun yẹn, kí ẹ gbọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí aṣọ funfun: bí ó bá jẹ́ ìyẹ̀fun pupa, ìpẹtà ṣì wà nínú táńkì, ó sì yẹ kí ẹ tún un sọ̀ kalẹ̀.