Kókó tó ń yọ níbi tí igun aṣọ ti pàdé lára quilt: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Mà, ẹ ǹlẹ́ o. Àgékù ankara ni mo kó jọ tí mo fi ń rán quilt, ìyẹn aṣọ ìbora tó nípọn, fún ọmọ tí mo fẹ́ bí, ó ń lọ dáadáa o, àmọ́ gbogbo ibi tí igun mẹ́rin bá ti pàdé ló ń ṣe kókó, téèyàn bá fọwọ́ kàn án ó le gbagidi, abẹ́rẹ́ méjì ló ti kán síbẹ̀. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: A á gbọ́ ohùn ìyá, a á gbọ́ tọmọ. Àbúrò mi, báwo ni etí aṣọ tó o fi sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ìrán ṣe fẹ̀ tó? Torí àwa tá a kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó ti mọ́ wa lára, ààbọ̀ íǹṣì tàbí odindi íǹṣì la máa ń fi sílẹ̀, tí ẹni tó ni aṣọ bá sanra ká lè tú u kó fẹ̀ sí i. Quilt ò nílò ìyẹn. Ìdámẹ́rin íǹṣì ló yẹ ẹ́, bíi mìlímítà 6, má sì jẹ́ kó dín o, aṣọ ọmọ ni, fífọ̀ rẹ̀ á pọ̀, etí tó bá kéré jù á yọ kúrò lára òwú.

Ìbéèrè: Háà, ààbọ̀ íǹṣì ni mo fi sílẹ̀, mo tún weave gbogbo ẹ̀, mo fi òwú dí etí ẹ̀ kó má baà tú.

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni. Aṣọ tá à ń wọ̀ la máa ń weave torí inú ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n inú quilt pa dé ni, aṣọ ẹ̀yìn ti bò ó, kò sóhun tó máa fa etí yẹn tú. Òwú weave yẹn kàn ń jẹ́ kó ki sí i ni.

Ìbéèrè: Tí mo bá fẹ́ lọ̀ ọ́ ńkọ́, apá kan ni kí n dà á sí àbí kí n la etí ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì?

Ìdáhùn: Jẹ́ ká kà á. Tí gbogbo etí bá dorí kọ apá kan náà, ìpele aṣọ 9 ló máa gun ara wọn lójú kan níbi tí igun mẹ́rin ti pàdé. Tó o bá da ti ìlà àkọ́kọ́ sọ́tùn-ún, tó o da ti ìlà kejì sósì, ó máa di 7, igun á sì bá ara wọn mu ṣinṣin torí ọ̀kan á jókòó ti èkejì, ohun tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Tó o bá là á, 4 péré ni. Àmọ́ tó o bá là á, jẹ́ kí ìrán ẹ kúrú, bíi mìlímítà 2, kó o sì má padà wá rán an gba ojú ìlà yẹn nígbà tó o bá ń so ó mọ́ fóòmù inú quilt, òwú nìkan ló wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ lè já a. Níbi tí igun mẹ́jọ bá ti pàdé bíi fáànù, là á, má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tó o bá ń lọ̀ ọ́, tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀ kó o gbé e sókè, má fà á síwá sẹ́yìn, á fẹ aṣọ lójú. Ankara tó jẹ́ pólísítà ò fẹ́ iná púpọ̀ o.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi aṣọ òkè màmá mi sí i.

Ìdáhùn: Ó dáa gan-an, ìrántí ńlá nìyẹn fún ọmọ. Àmọ́ òun nìkan ni mo ní kó o fi ààbọ̀ íǹṣì sílẹ̀ fún, ó máa ń tú kíákíá, lẹ gum stay tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ, mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kó o tó gé e, kó o sì la etí ẹ̀. Gé e tóbi, fi ankara yí i ká, má jẹ́ kí aṣọ òkè pàdé aṣọ òkè ní igun.

Ìbéèrè: Èyí tí mo ti rán ńkọ́? Ó ti tó ìdajì, ṣé kí n tú u ni?

Ìdáhùn: Rárá o, má tú u, fi ara ẹ sílẹ̀ kó sinmi. Gé etí tó ti weave yẹn kúrò títí á fi ku ìdámẹ́rin íǹṣì, gé ṣóńṣó kéékèèké tó yọ síta ní igun náà. Wọ́n omi díẹ̀ sí i, lọ̀ ọ́, kó o gbé pákó tó wúwo lé e lójú ẹsẹ̀ títí á fi tutù, wàá rí i pé á tẹ́. Tí máṣíìnì bá dé ibi tó ki tó dúró, ká àgékù aṣọ, fi sábẹ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ máṣíìnì kó lè dọ́gba, kó o wá fi ọwọ́ yí wíìlì ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wàá fi kọjá ibẹ̀.