Bí ẹ ṣe lè kọ ìkéde iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Federal Work-Study

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìkàwé, ní láàbù tàbí ní ọ́fíìsì kan ní yunifásítì nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá ní kí ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá yín ṣiṣẹ́, ẹ má tíì sáré kọ nǹkan kan. Ìṣirò ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe.

Federal Work-Study ni ètò tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣèrànwọ́ láti san owó iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò owó. Owó rẹ̀, tí òfin ọdún 1964 dá sílẹ̀, ní òdiwọ̀n. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti kọ FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìrànwọ́ á sọ iye tó lè gbà lọ́dún náà. Wọn ò ní kó owó yẹn lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni yóò fi gbà á, wákàtí kan lẹ́yìn òmíràn. Ká ní $2,400 ni tirẹ̀, tí ẹ sì ń san $12 fún wákàtí kan: wákàtí 200 péré ni owó náà gbé. Bí sáà ẹ̀kọ́ méjèèjì bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 30, kò tó wákàtí méje lọ́sẹ̀. Ọ̀gá tó kọ "wákàtí 15 lọ́sẹ̀" sínú ìkéde rẹ̀ yóò jẹ owó náà tán ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, sáà kìíní ò sì tíì parí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìkéde ti ń bàjẹ́ nìyẹn, nítorí pé tí oṣù Kíní bá dé, kò sí ẹni tó máa jókòó ní kántà, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò sì rí owó oúnjẹ tó fojú sọ́nà fún. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì yín, ẹ pín in sí wákàtí, kí ẹ tó wá kọ iye wákàtí. Bí iṣẹ́ yín bá gbà ju ìyẹn lọ, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ni kí ẹ wá.

Iye owó gan-an ni kí ẹ kọ. "Owó tó bójú mu" kì í ṣe iye. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní owó ò gbọ́dọ̀ kéré sí $7.25 ní wákàtí, bó ṣe rí láti 2009 nìyẹn, ṣùgbọ́n bí ìpínlẹ̀ tàbí ìlú yín bá ní iye tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye tó ga jù lẹ ó san.

Àkọlé ló kàn. "Student Assistant II" jẹ́ orúkọ tí ọ́fíìsì fi ń to ìwé ara wọn. Kò sọ nǹkan kan fún ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ẹ pe iṣẹ́ náà ní ohun tó jẹ́, ibi tó wà àti ìgbà tó máa ń wáyé: ìrànlọ́wọ́ ní kántà ilé ìkàwé, ìrọ̀lẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀. Nínú ìlà kìíní tàbí ìkejì, ẹ sọ bóyá ẹni tó ní Federal Work-Study nìkan ni ẹ fẹ́. Ọmọ tó fi físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, wá láti Ìbàdàn tàbí Kùtọnu kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì, tí kò bá ti ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Bí ẹ bá ní owó mìíràn tí ẹ lè fi gbà á, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Ìlà kan yẹn máa ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ wàhálà lásán.

Apá tó sọ iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ lo àkókò lé lórí. Ẹ wo irú èyí: "Yóò máa ṣèrànwọ́ nínú iṣẹ́ ọ́fíìsì àti iṣẹ́ mìíràn tí a bá yàn fún un." Ta ló lè fojú inú rí ara rẹ̀ níbẹ̀? Ẹ wá wo èyí: "Wàá máa gba ìwé tí wọ́n dá padà, wàá fi ẹ̀rọ ka àmì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wàá tò wọ́n sórí kẹ̀kẹ́ bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, wàá sì dá wọn padà sí orí pẹpẹ. Nǹkan bí ìdajì àkókò rẹ ni wàá fi dúró ní kántà láti dá àwọn èèyàn lóhùn. Tí kò bá sí èrò, o lè kàwé." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn nìkan lè mú akẹ́kọ̀ọ́ yan iṣẹ́ yín, nítorí náà tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ má kọ ọ́.

Ohun tó ń ba ibí yìí jẹ́ jù ni àdàkọ. Ẹnìkan á ṣí ìkéde iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, á dà á kọ, "gbọ́dọ̀ lè gbé 50 pọ́ùn" á sì bá a wọlé. Ẹ gbé àpótí ìwé yín sórí òṣùwọ̀n. Bó bá jẹ́ 25 pọ́ùn, 25 ni kí ẹ kọ, ẹ sì sọ bó ṣe máa ń wáyé tó lọ́sẹ̀.

Bákan náà ni ti ìrírí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, iṣẹ́ yìí ni àkọ́ṣe. Ohun tí ẹ lè kọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bèèrè rẹ̀. Ẹ kọ "a ó kọ́ ọ" dípò rẹ̀. Ohun tó jẹ́ dandan kì í sábà ju méjì tàbí mẹ́ta lọ: ìwé ìwakọ̀ bó bá máa wa ọkọ̀, èdè Sípáníìṣì bó bá máa dá àwọn òbí tó ń sọ ọ́ lóhùn.

Ní ti àkókò, akẹ́kọ̀ọ́ Federal Work-Study kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ní wákàtí tí kíláàsì rẹ̀ ń lọ. Nítorí náà, ẹ to àkókò tó ṣí sílẹ̀ síta, bí i Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún sí mẹ́jọ alẹ́, kí ẹ ní kí ó mú méjì níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, àti bóyá ẹ máa nílò rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìdánwò.

Kí ẹ sọ fún un pé ẹni tí ẹ bá gbà yóò kọ I-9, fọ́ọ̀mù ìjọba tó ń fi hàn pé ẹnìkan lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: apá tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ìwé tó fi ẹni tó jẹ́ hàn àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ojúlówó ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ má sì kọ ọ́ pé páálí ìrìnnà tàbí ìwé kan pàtó ni kó mú wá; òfin ní òun fúnra rẹ̀ ni yóò yàn nínú èyí tí fọ́ọ̀mù náà gbà.

Fún bí wọn yóò ṣe bèèrè fún iṣẹ́ náà, ojú ìwé kan tó sọ nípa ara ẹni àti àkókò tí kíláàsì ò sí ti tó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó pa á dé àti ọjọ́ tí ẹ ó dá gbogbo wọn lóhùn, títí kan àwọn tí ẹ ò gbà. Ẹ gbé e jáde kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, torí kò ní pẹ́ tí wọn á ti yan iṣẹ́ ibòmíràn.

Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ń bá yín ṣiṣẹ́ kó kà á, kí ẹ wá bi í pé: "Bó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kí lo máa ṣe ní wákàtí kìíní?" Ibi tó bá ti ń ronú kó tó dáhùn ni kí ẹ padà lọ tún kọ.