Bí mo ṣe fi àtùpà gáàsì ìyá àgbà wá ìtànṣán mẹ́ta

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní físíìsì ní Òṣogbo níbí, ibì kan wà tí mo máa ń sáré kọjá bí ẹni tó jẹ gbèsè: álfà, bẹ́tà, gámà, ìtànṣán mẹ́ta tí ojú kì í rí, tó ń jáde bí ọkàn átọ́mù bá fọ́. Màá ya ọfà mẹ́ta sójú bọ́ọ̀dù. Bébà dá ọ̀kan dúró, alumí dá èkejì dúró, òjé dín ẹ̀kẹta kù, ó parí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan nawọ́ sókè: "Sà, ṣé ẹ̀yin gan-an ti rí i rí?"

N ò rí i rí.

Mo tu owó jọ, mo ra ẹ̀rọ Geiger kékeré kan, èyí tó máa ń dún bí ìtànṣán bá wọnú ẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wébíìlì ẹ̀ láti Èkó, mo sì lọ gbà á ní Old Garage. Bọ́ọ̀dù kan ni, tí ọ̀pá gíláàsì tó tó ìka ọwọ́ mi dùbúlẹ̀ lé lórí. Bí mo ṣe tàn án ní pálọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta pó, pó-pó, láìsí nǹkan kan nítòsí ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n gbé e jáde. Mo ṣàlàyé pé kò síbi tí kì í dún láyé: ilẹ̀ ń tàn án, ògiri ń tàn án, ó ń ti ojú ọ̀run wá, kódà pótásíọ̀mù inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dín lọ́wọ́ ní díẹ̀. Ó ní ṣé kí òun sọ dòdò náà nù ni.

Mo kọ́kọ́ ní láti mọ iye tí ilé ń dá dún. Ìṣẹ́jú kan, 17. Èkejì, 26. Ẹ̀kẹta, 20. Átọ́mù kì í wo aago kó tó fọ́, nítorí náà ìṣẹ́jú kan kò tó gbára lé. Ẹni tó bá ka 25, iye yẹn lè fi nǹkan bíi 5 yẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Ẹni tó bá ka 400, nǹkan bíi 20 péré ni yóò fi yẹ̀. Mo wá ń ka ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, mo sì ń pín in. Ilé mi: 21 ní ìṣẹ́jú kan.

Ó ku ohun tí yóò tan ìtànṣán. Àwọ̀n funfun tí wọ́n ń so sínú àtùpà gáàsì, èyí tó máa ń mọ́lẹ̀ yòò bí wọ́n bá ti pọ́ǹpù ẹ̀, thorium, irin kan tó ń tan ìtànṣán, ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Ará Ọ́stríà kan, Carl Auer von Welsbach, ló gbé irú ẹ̀ jáde ní 1891. Mo ra tuntun kan ní Ọjà Ọba, mo gbé e ti ẹ̀rọ: 21. Òfo. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ti fi yttrium, irin mìíràn, rọ́pò thorium, ìyẹn kì í sì í tan ìtànṣán kankan.

Mo gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ. Àtùpà gáàsì ni ìyá àgbà fi ń ta àkàrà lálẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àtùpà yín ìjọ́sí dà?"

"Èyí tí bàbá ẹ fi jó ara ẹ̀ lọ́wọ́? Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Àwọ̀n méjì tí wọn ò tíì lò wà nínú páálí ẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọn ò tíì lò ó, torí èyí tí iná bá ti jó máa ń di eérú, eérú yẹn ò sì yẹ kó wọ imú ẹnikẹ́ni. Mo dì wọ́n sínú láílọ́ọ̀nù tó nípọn. Nílé, ẹ̀rọ yẹn dún bí òjò tó rọ̀ sórí páànù.

Páànù náà ni mo sì lò. Káfíńtà kan tó ń kan òrùlé ní Alẹ́kúwodò fún mi ní àjákù alumí 0.55 mílímítà. Òjé ló yọ mí lẹ́nu. Ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn ọlọ́bàtálá ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ta ni máa bọ́ tiẹ̀ lọ́wọ́? Mo padà ra èyí tí àwọn apẹja fi ń mú àwọ̀n wọn rì, mo fi òòlù lù ú pẹlẹbẹ níta, mo fọwọ́ dáadáa. Mo fi páálí ìṣáná há ohun gbogbo mọ́lẹ̀ kí àlàfo má yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, torí jíjìnnà nìkan ń dín iye kù, n ò sì fẹ́ kí páànù gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe.

Láìsí ìdènà, 138 ní ìṣẹ́jú kan. Alumí mẹ́fà lórí ara wọn, 44. Nígbà tí mo fi òjé kún un, 31. Bẹ́tà ló kú sínú alumí. Tí a bá yọ 21 tí ilé ń dá dún kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù, tí òjé kàn dín kù tí kò lè pa tán, gámà ni.

Bébà ńkọ́? 137. Bí ẹni pé n ò fi nǹkan kan síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi rò pé irọ́ ni mo ti ń yà sójú bọ́ọ̀dù. Lóru ọjọ́ kan ló wá yé mi: láílọ́ọ̀nù ti kọ́kọ́ dá álfà dúró, èyí tó bá sì yè bọ́, gíláàsì ọ̀pá yẹn á pa á kó tó wọlé. Etí ẹ̀rọ mi di sí i. Prótónì méjì àti níútrónì méjì, àwọn horo inú ọkàn átọ́mù, ni álfà; ọkàn átọ́mù gáàsì helium gan-an ni, àwọn onímọ̀ físíìsì Rutherford àti Royds ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1909. Ó dà bí tírélà tó já wọ Ọjà Ọba lọ́jọ́ ọjà: gbogbo ìsọ̀ ló ń gbá, kò sì ní lọ jìnnà. Sẹ̀ǹtímítà mélòó kan nínú afẹ́fẹ́, agbára ẹ̀ tán. Ọ̀kadà ni bẹ́tà, ó ń yọ́ gba àárín èèyàn. Gámà kò tilẹ̀ ní ara tí ọjà lè dì mú.

Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbá gbogbo ìsọ̀ máa fi àpá sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí álfà bá gbà kọjá á lè gbé iná, iná tó bá wà lórí nǹkan á sì jò dànù. Mo wá ìgò, mo ki wáyà kọ́pà gba inú àbẹ́là ẹnu ẹ̀, mo fi ìdérí tíìnì mílíìkì sórí ẹ̀, mo so ewé fọ́ìlì méjì sísàlẹ̀. Tí mo bá fi fìlà òtútù ra páìpù oníke, tí mo sì fi kan ìdérí, iná á bọ́ sórí ewé méjèèjì, wọ́n á sì ya kúrò lára wọn; bí iná náà bá jò dànù, wọ́n á tún dì mọ́ra. September ni mo kọ́kọ́ dán an wò. Òjò ti rin afẹ́fẹ́ gbingbin, kíá ni wọ́n dì mọ́ra. Mo dúró de ọyẹ́.

Ní January, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bo imú, mo yọ àwọ̀n kúrò nínú láílọ́ọ̀nù níwájú kíláàsì, torí álfà tí bébà lásán ń dá dúró yìí náà ló burú jù tó bá wọ inú ara. Láìsí àwọ̀n, ewé dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo gbé àwọ̀n sókè ìdérí, àwọn ọmọ ń ka àkókò sókè, ewé pàdé kó tó pé ìṣẹ́jú méjì. Mo ní kí ọmọ tó béèrè lọ́jọ́sí ya bébà kan nínú nóòtì ẹ̀, mo fi bo àwọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Márùn-ún. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, wọ́n ò kà mọ́, wọ́n kàn ń wò ó.

"Sà, ó ṣì yà."

Àwọ̀n ti padà sínú láílọ́ọ̀nù, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá àgbà ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kí n dá páálí òun padà.