Bí mo ṣe tọ́jú dréènì méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọyàn, ní Ìsánlú

Ìlọrin ni wọ́n ti gé ọyàn òsì àǹtí nítorí jẹjẹrẹ, tí wọ́n sì fi ìmpláǹtì, àpò rírọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ kó lè dà bí ọyàn, dípò rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Rọ́bà méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ lára wọn: ọ̀kan lábẹ́ awọ ọyàn, ọ̀kan ní abíyá. Ike rírọ̀ kan wà ní ìpẹ̀kun rọ́bà kọ̀ọ̀kan, òun ló ń fa omi ara jáde. Dréènì ni àwa nọ́ọ̀sì ń pè é. Omi ara máa ń sun sínú àlàfo tí iṣẹ́ abẹ bá fi sílẹ̀. Bó bá dúró yí ìmpláǹtì ká, awọ kò ní lẹ̀ mọ́ ẹran, kòkòrò àrùn á sì ríbi gbé. Ihò kan náà tí omi ń gbà jáde ni kòkòrò lè gbà wọlé. Bó bá sì dé ara ìmpláǹtì, ògùn nìkan kì í sábà ká a; ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á ní láti yọ ìmpláǹtì fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo kó sílẹ̀: ọṣẹ, ìbọ̀wọ́, òwú, sípíríìtì, ife oníwọ̀n méjì, síríǹjì 20 mìlílítà tí kò ní abẹ́rẹ́, tẹmomítà, pínnì àti ìwé kan. Síríǹjì yẹn ṣe pàtàkì, torí ife kì í sọ òótọ́ bí omi bá ti kéré.

Aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́ ni mo ń tú omi inú ike dànù. Ike kọ̀ọ̀kan ń gba 100 mìlílítà, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìdajì, mo tú u láìdúró de àkókò, torí bó ṣe ń kún ni agbára tó fi ń fa omi ń dín kù. Mo fọ ọwọ́, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo ṣí ìdérí láìfọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, mo da omi sínú ife. Mo fi sípíríìtì nu ìdérí, mo fún ike náà pọ̀ títí inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra, mo sì dé e nígbà tí ọwọ́ mi ṣì fún un mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá dé e kó tó fún un, ike lásán ló so mọ́ aláìsàn. Bí ike bá wú padà kíákíá, afẹ́fẹ́ ń wọlé: bóyá ìdérí kò wọlé dáadáa, bóyá rọ́bà ti yọ débi tí ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fi hàn síta. Ti ìdérí, mo lè tún un ṣe. Ti rọ́bà, ilé ìwòsàn ni. A kì í tì í padà.

Mo ń kọ iye omi dréènì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ kò ní mọ èyí tó dí. Ní ọjọ́ kẹfà, ti ọyàn já láti mìlílítà 55 sí 8 lẹ́ẹ̀kan náà. Inú àwọn ará ilé dùn. Inú tèmi kò dùn. Omi kì í gbẹ báyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń dín kù. Omi ń jò ní ìdí ihò tí rọ́bà gbà jáde, ọyàn le, ẹ̀jẹ̀ dídì sì wà nínú rọ́bà bí òwú dúdú. Mo fi ọwọ́ kan di rọ́bà mú ṣinṣin nítòsí awọ kó má baà fa ara, mo fi òwú onísípíríìtì fún un wá sísàlẹ̀ títí dé ike. Kí wákàtí kan tó pé, 40 mìlílítà ti jáde. (Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan kì í fẹ́ kí a fún rọ́bà báyìí, mo ti béèrè kí a tó kúrò ní Ìlọrin.)

Àwọ̀ omi náà ń sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí sóbò, ó wá fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ó dà bí òróró. Bó bá tún padà di ẹ̀jẹ̀, tí ọyàn ń wú, ẹ wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bó bá ń rùn, bó bá dà bí ọyún, bí awọ bá pọ́n tó sì gbóná, tàbí bí tẹmomítà bá kọ 38.

Àwọn tó ń wá kí wọn pé "Okun o" kò jẹ́ kí n sinmi: àgbo, òrí, aṣọ gbígbóná. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Awọ ọyàn náà kú tipiri lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó lè jóná kí aláìsàn má mọ̀. A ò gún iyán, a ò fa omi kànga, a ò gun ọ̀kadà, ọwọ́ òsì kò sì ga ju èjìká lọ, torí omi á tún pọ̀ sí i. Mo rán àpò àǹkárá kékeré tí wọ́n ń fi kọ́rùn nígbà tí mo bá ń fi aṣọ tútù nu ara wọn. Nígbà mìíràn, pínnì ló so ike mọ́ aṣọ.

Òfin dókítà wa ni pé kí wọ́n tó yọ dréènì, kí omi rẹ̀ má tó 30 mìlílítà láàárín wákàtí 24, fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Ti abíyá kọ 24 àti 19 ní ọjọ́ kẹsàn-án àti ìkẹwàá; ti ọyàn kọ 28 àti 22 ní ìkẹrìnlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Bí wọ́n bá tètè yọ ọ́, omi á gbára jọ. Bó bá ń lọ sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewu kòkòrò ń pọ̀ sí i.

A gba Òmù-Àrán padà sí Ìlọrin lẹ́ẹ̀mejì, ìró kíká sì wà láàárín bẹ́líìtì ọkọ̀ àti àyà wọn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣí ìdérí kí ike má fa mọ́, ó gé okùn ìránṣọ, ó ní kí wọ́n mí jáde, ó fà á. Ihò náà sun omi fún ọjọ́ méjì, mo ń pààrọ̀ gọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn náà, mo ń fọwọ́ tẹ ọyàn wò láràárọ̀ bóyá omi ń mì nínú rẹ̀. Bó bá mì, dókítà tó ń fi ẹ̀rọ wo inú ara ni yóò fà á. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún un láìríran lè lu ìmpláǹtì.