Ọ̀rá Lọ́tọ̀, Èèpo Lọ́tọ̀: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́

Ewúrẹ́ mẹ́ta ló kú láàárín ọjọ́ 11 ní agbo ilé kan lẹ́yìn Iléyá. Àwọn onílé ní ẹnìkan ló fún wọn ní májèlé jẹ, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyàwó ilé méjì. Nígbà tí a la ikùn ẹ̀kẹta, ọ̀rá náílọ́ọ̀nù la bá níbẹ̀: ọ̀rá omi, ọ̀rá dúdú, ọ̀rá tí wọ́n fi se mọ́ínmọ́ín, gbogbo rẹ̀ wé mọ́ra bí òṣùká, ó sì le koko. Kò sí májèlé kankan. Inú ilé yẹn gan-an ni ọ̀rá náà ti wá, láti inú apẹ̀rẹ̀ èèpo iṣu tí wọ́n ń dà fún ẹran láràárọ̀.

Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn. A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń kọ ebè tàbí bí a ṣe ń sin ewúrẹ́. Ẹ mọ ìyẹn ju àwa lọ. Ohun kan ṣoṣo la fẹ́ bá yín sọ, a ó sì máa tún un sọ títí yóò fi sú yín: ẹ má da ọ̀rá mọ́ èèpo.

Àṣìṣe tí à ń rí lójoojúmọ́

Láti Ọjà Jagun dé Ọjà Ọba, láti Oríire dé Ogo Olúwa, bákan náà ni. Ìyá á bó iṣu, á da èèpo sínú garawa. Ọmọ á mu omi tán, á ju ọ̀rá rẹ̀ sínú garawa yẹn kan náà. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì, pámpáàsì ọmọ, ìgò tó fọ́, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń bá ara wọn. Tí wọ́n bá ti dà pọ̀ báyìí, ó parí. Ẹran ò ṣe é fún, kò lè di ajílẹ̀, ẹni tó ń ti ọmọlańké kiri tó ń ra ike kò sì ní bojú wò ó. Kò wá ku ohun tí a lè fi í ṣe ju kí a dáná sun ún tàbí kí a gbé e jù sódò lóru bí ẹni tó jalè. Ará Ìbàdàn tó bá dàgbà tó kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980. Pàǹtí tí wọ́n dà sójú odò wà lára ohun tó mú kí omi yà sílé onílé.

Láyé ijọ́un, inú ewé ni ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ń wà. Ewé eéran bá bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ àti epo tó wà lára rẹ̀ ló ń tan ẹran jẹ, bó bá sì ti gbé e mì, kì í dà nínú rẹ̀ láéláé. Èyí tó wọlé lónìí á dúró de tọ̀la, títí kò fi ní sí àyè fún oúnjẹ mọ́. Ẹran náà á yó lójú, ebi á sì pa á kú.

Garawa mẹ́ta

Ẹ wá garawa mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun ò lówó garawa, ó ní àpò ìrẹsì. Èyí àkọ́kọ́ wà fún èèpo, ewé àti àjẹkù, kí ó ní ìdérí, kí ó má sì kọjá ọjọ́ 2 kí a tó dà á. Èkejì wà fún ike, ọ̀rá, agolo àti páálí: ẹ ṣan oúnjẹ kúrò lára wọn, ẹ tẹ ike pẹlẹbẹ, ẹ jẹ́ kí páálí wà ní gbígbẹ. Ẹ̀kẹta ni ti bátìrì, pámpáàsì àti ìgò fífọ́, èyí tí ẹ ó kó fún akólẹ̀. Garawa àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Kí ẹnìkan nínú ilé máa tú u wò kó tó jáde, ẹni tó dàgbà, kì í ṣe ọmọdé.

Ẹ má ta ike ní ẹyọ-ẹyọ. Ẹ kó o jọ títí àpò ńlá 5 á fi kún, ọwọ́ yín á lè tẹ owó gidi. Ní Jámánì, láti ọdún 2003, ẹni tó bá ra omi inú ike á san owó ìdógò, sẹ́ńtì 25, á sì gbà á padà nígbà tó bá dá ike náà padà. Ẹnu ya àwọn kan nígbà tí a sọ èyí fún wọn. Kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀? Ṣé a kì í san owó ìgò mínírà ni? Rùwáńdà tó jẹ́ ilẹ̀ adúláwọ̀ bíi tiwa sì ti fòfin de ọ̀rá ìkẹ́rù láti ọdún 2008.

Èèpo ẹ̀gẹ́

Owó tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyí. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà, ẹ sì wo òkìtì èèpo tó ń jẹrà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí láti Àjàáwà dé Ìkòyí-Ilé. Àwọn onímọ̀ ILRI, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, ti fi ọ̀nà hàn. Ọjọ́ tí ẹ bó èèpo ni kí ẹ rin ín. Kò gbọdọ̀ sùn. Ẹ rin ín lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ dì í sápò, ẹ fi jáákì fún omi rẹ̀ mọ́jú, ẹ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ wá sá a sórí tapólì tàbí kí ẹ yan án. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù á fún yín ní nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Bí oòrùn bá mú, ọjọ́ kan ti tó o. Èèpo tí a kàn sá lásán ń gba ọjọ́ 2 sí 3. Kóńgò 1 tó ti gbẹ, ewúrẹ́ 2, lójúmọ́, pẹ̀lú ewé tútù. Ẹ má fún wọn ní èèpo tútù ẹ̀gẹ́ kíkorò, oró wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rá kan ṣoṣo tó bá wọ inú ẹ̀rọ ìrin-gàrí, ẹ̀rọ á já a wẹ́wẹ́. Ojú kò ní rí i mọ́, ọwọ́ kò sì ní lè ṣà á.

Ajílẹ̀

Ohun tí ẹran kò bá jẹ, ẹ sọ ọ́ di ajílẹ̀. Abẹ́ igi ni kí ẹ ti ṣe é: lórí ilẹ̀ lásìkò òjò, nínú kòtò ẹsẹ̀ bàtà 2 lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Kí òkìtì náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ó gùn ní 4, kí ó ga ní 4. Bí ó bá kéré, kò ní gbóná. Ewé gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo bárò 2, èèpo tútù bárò 1, ìgbẹ́ adìyẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì 1, eérú agolo mílíìkì 2. Ẹ tún un tò bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ga tó. Lásìkò máńgòrò, kí ewé gbígbẹ di bárò 3, nítorí omi inú máńgòrò pọ̀. Ẹ bu díẹ̀, ẹ fún un lọ́wọ́: bí omi bá ń ṣàn, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un, bí kò bá lè dì mọ́ra, ẹ bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì 2 sí i. Ẹ yí i po ní ọjọ́ 7, 14 àti 21, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì títí ọ̀sẹ̀ 12. Ẹ má fi ẹran, egungun tàbí iyọ̀ sí i. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 kan tó fún ebè ẹ̀fọ́ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tó sì gùn ní 15. Ẹ da á sí i ní ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹ tó gbìn.

Ìyá kan bi wá pé ṣé ọ̀rá díẹ̀ kò lè jẹrà pọ̀ mọ́ ọn tó bá pẹ́. Rárá, ìyá. Ọmọ-ọmọ yín ni yóò máa hú u jáde.

Iná

Ẹ má sun ọ̀rá. Pàápàá jù lọ, ẹ yé fi ọ̀rá dáná lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀. A rí i nínú ilé tí ìkókó ń sùn ní ilé ìdáná. Ìhá àgbọn ń bẹ, èésan ń bẹ, kí ni ti ọ̀rá?

Bí ẹran bá ti gbé ọ̀rá mì

Kò ní jẹun, ikùn rẹ̀ á wú lápá òsì, ìgbẹ́ rẹ̀ á gbẹ tàbí kó má yà rárá, yóò sì máa rù. Ẹ má da epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ pe dọ́kítà ẹran kí ó tó pé ọjọ́ 3, nítorí iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè yọ ọ́. Bí ẹ bá sì pa ẹran náà, ẹ la àpòlúkù rẹ̀ lójú gbogbo ará ilé, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ wà níwájú. Ọ̀rá tó bá jáde níbẹ̀, ẹ má ṣe jù ú padà sí ààtàn.