Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Lésà Tí A Kì í Lò Déédéé: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Ń Bà Á Jẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Àbújá ni ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà kan ní kọ̀rọ̀ ilé, tí a kì í tàn án àfi bí a bá fẹ́ tẹ ìwé ìpàdé tàbí fọ́ọ̀mù ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wà ní Kubwa, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo sì ń lò ó fún iṣẹ́ ẹgbẹ́, nítorí náà mo mọ ohun tí ìsinmi gígùn ń ṣe fún un.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù ni kí a fi bébà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ láti oṣù dé oṣù. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ níhìn-ín, bébà a máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan, mo fa ewé bébà kan yọ láti inú àpótí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, etí rẹ̀ ti wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ó sì rọ̀ lọ́wọ́ bí aṣọ tí kò tíì gbẹ tán. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ hàn fírífírí, ewé kejì sì há sínú ẹ̀rọ. Agbára iná tí kò ṣeé fojú rí ni ó ń fa ìyẹ̀fun tónà, èyí tí ó ń di ọ̀rọ̀ lójú bébà, láti ara drum (ọ̀pá roboto inú ẹ̀rọ tí tónà kọ́kọ́ ń lẹ̀ mọ́) wá sára bébà, ọ̀rinrin sì ń jẹ́ kí agbára náà jò dànù; nígbà tí bébà bá tún dé abẹ́ róólà gbígbóná, tí ooru rẹ̀ lè tó nǹkan bí 200°C, omi ara rẹ̀ a gbẹ lójijì, bébà náà a sì ká kò. Bí ẹ bá ti tẹ̀wé tán, ẹ kó bébà tí ó kù jáde, ẹ dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ sì dì í pinpin.

Bí òjò bá lọ, ọyẹ́ a gbé eruku aginjù dé. Eruku yìí a máa bà sórí róólà oníróbà tí ó ń mú bébà wọlé, róólà a wá máa yọ̀, a ó sì rò pé ẹ̀rọ ti kú. Ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ fi aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ kì í já, tí ẹ fi omi díẹ̀ tọ́, nu róólà náà yíká, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Róbà tí kò ṣiṣẹ́ pẹ́ títí pàápàá a máa le, a sì máa dán. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹ ewé méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, bí kò tilẹ̀ sí ohun tí mo fẹ́ tẹ̀.

Àwọn kan a máa ju tónà nù pé ó ti gbẹ. Ìyẹ̀fun ni tónà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe yíǹkì olómi. Bí ìwé bá ń hàn fírífírí, ẹ yọ ọ́, ẹ rọra mì í lọ sọ́tùn-ún sósì nígbà bíi márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé drum sí ìmọ́lẹ̀. Ẹnìkan tí mo pè kí ó wá tún tiwa ṣe gbé e sórí odi bárándà nínú oòrùn nígbà tí ó ń wá ohun èlò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àbàwọ́n dúdú ti ń jáde lójú gbogbo ìwé, títí a fi ra òmíràn. Mo ṣì ń kábàámọ̀ owó ẹgbẹ́ tí ó bá a lọ. Bí tónà bá dà sílẹ̀ tàbí sára aṣọ, ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nítorí ooru ni ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Aṣọ gbígbẹ àti omi tútù ni kí ẹ lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí róólà gbígbóná bá ń múra, iná tí ẹ̀rọ yìí ń fà pọ̀ gan-an, nítorí náà ẹ má fi í sára UPS (àpótí bátìrì tí ń gbé iná fún ẹ̀rọ bí iná bá lọ) tàbí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé bọ́ọ̀bù àti fáànù. Bí iná bá lọ nígbà tí bébà ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ yọ wáyà, ẹ dúró kí ó tutù, kí ẹ tó fi ọwọ́ méjèèjì rọra fa bébà náà jáde sí ìhà ibi tí ó ń lọ.