Bẹ́ ẹ ṣe máa tún wẹ́bsáìtì yín ṣe tí Google ò ní sọ yín nù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì n'Ílọrin, ẹ sún mọ́bí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ọjà ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè jẹ́. Téèyàn bá ti tẹ "aso oke ilorin" sí Google, tiwọn máa ń wà lókè, èmi wá ní kí n tún wẹ́bsáìtì náà ṣe kó lè rẹwà. Ó rẹwà lóòótọ́ o. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé, fóònù ìyá ò dún mọ́. "Ṣé àtúnṣe tó o lóò ń ṣe nìyí?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Àdírẹ́ẹ̀sì àwọn péèjì ni mo yí. Èyí tó ń jẹ́ /aso-oke-igbeyawo, mo sọ ọ́ di /shop/12, Google ò sì mọ̀ pé ibì kan náà ni, lójú tiẹ̀ ti àtijọ́ ti kú, tuntun sì jẹ́ àjèjì. Bí ẹni tó ń tajà l'Ọjà Ọba tó dédé kó lọ sí Ìpàta lóru tí ò sọ fún ará ìsọ̀ kejì, oníbàárà á dé, á bá ilẹ̀kùn ní títì, á yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wọ Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi bí wẹ́bsáìtì yín ṣe ń ṣe hàn yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Performance sí, ẹ máa rí péèjì táwọn èèyàn ń tẹ̀ jù, oṣù 16 ló ń tọ́jú. Ẹ kọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sínú Excel, kẹ́ ẹ kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ yìí máa ń sú èèyàn, àmọ́ òun gan-an niṣẹ́.

Ẹ wá lo redirect 301, ìyẹn àṣẹ tó ń darí àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ sí tuntun, òun ló ń sọ fún Google pé "a ti kó lọ pátápátá, ibí la wà báyìí". 302 ò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ń sọ pé a máa tó padà. Tó bá jẹ́ WordPress lẹ fi kọ́ wẹ́bsáìtì yín, plugin kan, ìyẹn ohun èlò tẹ́ ẹ lè fi kún un, wà tó ń jẹ́ Redirection, ó rọrùn. Ẹ má darí gbogbo ẹ̀ sí homepage, ìyẹn péèjì àkọ́kọ́, o, èmi kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, Google kàn máa ń kà á sí péèjì tí ò sí ni. Kẹ́ ẹ sì fi redirect yẹn sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán, Google fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì tí mo bàjẹ́: mo yọ ọ̀rọ̀ gígùn tí ìyá fi ṣàlàyé sányán, àlàárì àti ẹtù, mo kó fọ́tò ńláńlá síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Google ń kà! Ẹ má yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó hàn lórí fóònù, torí bó ṣe rí lórí fóònù ni Google ń wò báyìí. Àwọn fọ́tò yẹn náà, ẹ dín ìwọ̀n wọn kù, dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ti àwọ̀, ẹ kùn ún bó ṣe wù yín.

Lórí WordPress, nínú Settings, ní Reading, àpótí kékeré kan wà tó ní "Discourage search engines", òun ló ń sọ fún Google pé kó má gbé wẹ́bsáìtì náà jáde. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i o, àwa tó ti gbàgbé ẹ̀ rí ò kéré.

Ó bùṣe, ẹ fi sitemap tuntun, ìyẹn fáìlì tó to gbogbo péèjì yín, ránṣẹ́ nínú Search Console, ẹ máa wò ó bóyá 404, àmì pé péèjì kan ò sí, ń yọjú. Ipò yín lórí Google á lọ sókè á bọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má torí ìyẹn tún nǹkan míì yí.

Ti ìyá padà bọ̀ sípò, ẹnì kan pè láti Ọ̀ffà pé òun fẹ́ ẹtù. Àmọ́ láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti gbé laptop délé wọn, wọ́n á ní, "Kí lo tún fẹ́ fọwọ́ kàn níbẹ̀?"